Máàkì Tí Mi Ò Sọ Fún Un

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni mo gbà?"

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ọmọbìnrin kan níbi iṣẹ́ mi ti bi mí ní ìbéèrè yìí, kò sì tíì kúrò létí mi. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìpàdé la dúró sí. Àwọn yòókù ti lọ jẹun. Ó di kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ mọ́ra, ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ máàkì tí òun gbà nínú ìdánwò tí wọ́n fi gba òun síṣẹ́ lọ́dún tó kọjá.

Mo mọ̀dí tó fi béèrè. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, nínú ìpàdé, ẹlẹgbẹ́ wa kan ti fi ẹ̀rín sọ pé, "Àwa kan ṣe ìdánwò wọlé o, àwọn kan bá ètò wọlé." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò tiẹ̀ sídìí tó fi máa dárúkọ. Àwa mẹ́jọ la wà níbẹ̀, òun nìkan ló wá láti inú ẹ̀yà tí ètò náà, èyí tó ń ṣí ọ̀nà iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀yà tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín wa, wà fún. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Èmi tẹjú mọ́ tábìlì.

Èsì tí mo fún un nìyí: "Má fìyẹn da ara rẹ láàmú. Gbogbo wa la mọ̀ pé o mọ iṣẹ́." Ó ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Òfin ilé-iṣẹ́ wa ni pé a kì í sọ máàkì fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà mo lè wí àwíjàre pé òfin ni mo tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n òfin kọ́ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Mi ò rántí máàkì náà ni. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó gbà á síṣẹ́, ohun kan ṣoṣo tó sì kù lọ́kàn mi nípa ọjọ́ náà ni pé a ràn án lọ́wọ́.

Mi ò ní sọ ìlú, mi ò ní sọ ẹ̀yà. Ó gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní kí n ṣáà yọ gbogbo ohun tí wọ́n á fi dá òun mọ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbi tí irú ètò yìí wà, èyí tí òyìnbó ń pè ní affirmative action, tí àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ń pè ní kótà yálà kótà ni tàbí kì í ṣe kótà, yóò ti mọ irú yàrá tí mò ń sọ.

## Fáìlì inú dúrọ́ọ̀

Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ wá fáìlì náà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, àwọn ìwé ìsinmi ọlọ́dọọdún ti bò ó mọ́lẹ̀. Èèyàn mọ́kànlá ló ṣe ìdánwò àkọsílẹ̀ lọ́jọ́ náà, àyè iṣẹ́ mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀. Ó gba 84. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣáájú rẹ̀, onítọ̀hún gba 86. Ipò kejì nínú mọ́kànlá. Mo jókòó, mo tún un kà.

Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó ti já wá sí ipò kẹrin. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Mo wá ń wá ibi tó ti pàdánù máàkì. Kì í ṣe níbi ìmọ̀ iṣẹ́: mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un níbẹ̀. Ìlà tó gbé e ṣubú ni èyí tí wọ́n pè ní "ìbámu". Ọ̀kan nínú wa fún un ní mẹ́fà, èkejì fún un ní márùn-ún, ẹ̀kẹta fún un ní mẹ́rin. Ẹni tó fún un ní mẹ́rin yìí tún fi bírò búlúù kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé yóò bá wa mu?"

Ní gbogbo ọ́fíìsì wa, èmi nìkan ni mo máa ń fa ìrù àmì ìbéèrè gùn bẹ́ẹ̀.

Mo gbìyànjú láti rántí ohun tó ṣe tí mo fi kọ bẹ́ẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan dì mú. Bóyá ohùn rẹ̀ ni, tó yàtọ̀ sí tiwa. Bóyá nítorí pé ó máa ń ronú díẹ̀ kó tó fèsì, tí àwọn yòókù ń dáhùn wàràwàrà. Bóyá nítorí pé kò rẹ́rìn-ín sí àwàdà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni. (Àwàdà náà kò dùn. Ìyẹn ni mo rántí dáadáa.) Wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ti gbàgbé pátápátá.

Ohun tó kó o yọ ni ìlà kan nínú ètò ìgbanisíṣẹ́ wa. Ìlà náà kò ní kí a ya àyè kankan sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kan. Kò bu máàkì kún ti ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé bí ẹnì kan láti inú àwọn ẹ̀yà tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín wa bá yege ìdánwò, tí ìgbìmọ̀ sì fẹ́ já a sílẹ̀, kí wọ́n tún fáìlì rẹ̀ ṣí, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi já a sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ṣí fáìlì. A wo ara wa lójú. Kò sí ẹni tó lè kọ "ọkàn mi ló kọ̀ ọ́" sínú ìwé kó wá buwọ́ lù ú. Ni a bá gbà á.

Ọdún kan gbáko ni mo fi gbé e kiri lọ́kàn pé ètò náà gbé ọmọ yìí kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, pé àánú ni a ṣe é. Ètò náà kò gbé e ga rárá. Èmi ni mo tì í ṣubú, ètò náà ló gbá mi lọ́wọ́ mú. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n máa pẹ̀gàn ẹnì kan nínú ìpàdé, òun ni wọ́n pẹ̀gàn. Kò sí ẹni tó sọ pé, "Àwọn kan jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí wọn kò ríran títí ètò fi là wọ́n lójú."

Ọkùnrin kan wà tó wà ní ipò kẹta kí a tó tún fáìlì ṣí, tó sì di ẹlẹ́kẹrin nígbà tí a ṣí i tán. Ìdánwò àkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 77. Kò ṣẹ̀ wá, kò sì mọ̀ pé ìbámu ló kọ́kọ́ gbé òun sókè. Tí ó bá jẹ́ pé ibì kan ló wà lónìí tó ń sọ pé kótà gba iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, mi ò ní bú u. Ohun tí wọ́n fi hàn án ni ó rí.

## Ta ló gbẹ́ òṣùwọ̀n?

Àwọn tí wọ́n lòdì sí irú ètò yìí máa ń sọ pé kí a ṣáà fi òṣùwọ̀n kan náà wọn gbogbo èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn, mo sì ti sọ ọ́ rí lẹ́nu ara mi. Láti ìgbà tí mo ti rí ìrù àmì ìbéèrè yẹn, ohun tí mo máa ń fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó gbẹ́ òṣùwọ̀n náà, àti ọjọ́ tó gbẹ́ ẹ.

Ẹ wo ibùdó iná mànàmáná Dan River, ti ilé-iṣẹ́ Duke Power, ní North Carolina ní Amẹ́ríkà. Kí ó tó di 1965, ẹ̀ka lébìrà nìkan ni wọ́n ń gba èèyàn dúdú sí níbẹ̀, lébìrà tí owó rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀ kò sì gba owó tó ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ní àwọn ẹ̀ka yòókù tí àwọn aláwọ̀ funfun wà. Ọjọ́ 2, oṣù keje, 1965 ni òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ilé-iṣẹ́ yìí gbé ìdánwò méjì jáde fún ẹni tuntun tó bá fẹ́ wọ àwọn ẹ̀ka yòókù, ní àfikún sí ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àwọn aláwọ̀ funfun tí kò ní ìwé ẹ̀rí yẹn, tí wọn kò ṣe ìdánwò kankan, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà tipẹ́, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Òṣìṣẹ́ dúdú mẹ́tàlá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, orúkọ Willie Griggs ni ẹjọ́ náà sì ń jẹ́ títí dòní. Ní 1971, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá wọn láre láìsí adájọ́ kan tó yapa: ìdánwò tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iṣẹ́, tó sì ń lé ẹ̀yà kan sẹ́yìn, kò bófin mu, ì báà jẹ́ pé èèyàn gbogbo ni wọ́n fún ní ìdánwò náà.

Èyí tó tún sún mọ́ tèmi jù ni ti Diane Joyce, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Ní Santa Clara, ní California, ó ń bá ọkùnrin kan, Paul Johnson, du iṣẹ́ kan ní ẹ̀ka ojú ọ̀nà. Nínú 238 òṣìṣẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ tó wà ní ipele náà, kò sí obìnrin kan ṣoṣo. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, Johnson gba 75, Joyce gba 73. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta tún wá pe wọ́n, wọ́n sì ní Johnson làwọn fẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn ọ̀gá mẹ́ta yìí? Ọ̀kan nínú wọn ti jẹ́ ọ̀gá Joyce tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n fún gbogbo ọkùnrin ní aṣọ iṣẹ́ tí wọn kò fún òun. Léraléra ni aṣọ rẹ̀ ń bà jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tó kọ̀wé ẹ̀hónú ni wọ́n tó fún un ní aṣọ iṣẹ́ mẹ́rin, lọ́jọ́ kejì. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ náà sì jẹ́wọ́ pé òun ti pè é ní oníwàhálà tó wọ síkẹ́ẹ̀tì. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń wọn án o. Ọ̀gá àgbà wo gbogbo rẹ̀, ó wo ètò tí ilé-iṣẹ́ náà ní, ó fún Joyce ní iṣẹ́ náà. Johnson pẹjọ́, ó sì pàdánù ní 1987.

Máàkì méjì. Àwọn kan ti fi máàkì méjì yẹn jiyàn láti ìgbà náà, bí ẹni pé láti ojú ọ̀run ló ti já bọ́.

Mo tún rántí ìwádìí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Bertrand àti Mullainathan, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004. Wọ́n fi nǹkan bí 5,000 ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ní Boston àti Chicago. Orúkọ ni wọ́n ń pààrọ̀: orúkọ tó jọ ti aláwọ̀ funfun, bí Emily àti Greg, fún àwọn kan, orúkọ tó jọ ti èèyàn dúdú, bí Lakisha àti Jamal, fún àwọn kan. Ẹni tó ń jẹ́ Emily ní láti fi nǹkan bí ìwé mẹ́wàá ránṣẹ́ kí ẹnì kan tó pè é. Lakisha ní láti fi bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ránṣẹ́. Ó dá mi lójú pé nínú gbogbo àwọn tó gba ìwé wọ̀nyẹn, bóyá la fi rí ẹni tó kórìíra ẹnikẹ́ni. Èmi náà kò kórìíra ẹnikẹ́ni.

## Ohun tó ń kù sílẹ̀

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé a ń wo ètò yìí láti ibi tí kò yẹ. Gbogbo ìjà wa dá lórí ohun tó ń ṣe fún ẹni tí wọ́n gbà. Ohun tó ń ṣe fún ẹni tó ń gbani ni kò ká wa lára.

Conrad Miller, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, wo àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń gba kọ́ńtíráàtì ìjọba àpapọ̀, tí òfin sì mú ní dandan fún láti ní irú ètò yìí, kí wọ́n tó fagi lé òfin náà ní 2025. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti wọ abẹ́ òfin náà, iye òṣìṣẹ́ dúdú níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀. Kò sóhun ìyanu nínú ìyẹn. Èyí tó ya èèyàn lẹ́nu ni pé nígbà tí kọ́ńtíráàtì bá parí, tí òfin kò mú wọn mọ́, iye náà kì í padà sẹ́yìn. Ṣe ló tún ń gòkè sí i. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí kò mọ iṣẹ́ ni wọ́n ń fipá gbà, ọjọ́ tí òfin bá ti tú wọn sílẹ̀ ni wọn ì bá ti dáwọ́ dúró. Ohun tí Miller rò, tí èmi náà sì gbà, ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá èèyàn àti bí wọ́n ṣe ń yẹ èèyàn wò. Ojú wọn ti là.

Ní Íńdíà, níbi tó jẹ́ pé ìpín gidi ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ ní iṣẹ́ ìjọba, Ashwini Deshpande àti Thomas Weisskopf wo iṣẹ́ rélùwéè wọn, ọ̀kan lára àwọn agbanisíṣẹ́ tó tóbi jù lágbàáyé. Ẹ̀rù tí àwọn èèyàn máa ń dá ba ara wọn ni pé ọkọ̀ ojú irin á dojú dé tí a bá fi ìpín gba ẹlẹ́rọ. Wọn kò rí i pé iṣẹ́ já wálẹ̀ níbi tí àwọn tó bá ìpín wọlé ti pọ̀. Láàárín àwọn ọ̀gá, wọ́n tiẹ̀ rí àmì pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ sàn sí i.

Ti Àríwá Ireland rọrùn láti rí. Láti 2001 títí di 2011, òfin wọn ni pé bí ọlọ́pàá tuntun kan bá jẹ́ Kátólíìkì, kí ẹnì kan tí kì í ṣe Kátólíìkì wà pẹ̀lú rẹ̀, ìdajì sí ìdajì. Iye Kátólíìkì láàárín ọlọ́pàá kúrò ní nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dé nǹkan bí 30. Ẹni tí kò rí ọmọ àdúgbò rẹ̀ kankan nínú aṣọ ọlọ́pàá rí láyé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọn ì bá gbà ṣe é láàárín ọdún mẹ́wàá.

## Ẹrù wà lórí ẹni tí wọ́n gbà

Ibí ni èmi àti àwọn alátìlẹ́yìn ètò yìí ti ń pínyà díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bí ẹsẹ̀ bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò bùṣe o.

Madeline Heilman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987. Wọ́n yan ọkùnrin àti obìnrin ṣe aṣáájú nínú iṣẹ́ kékeré kan. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé mímọ̀-ọ́n-ṣe wọn ni wọ́n fi yàn wọ́n. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé nítorí pé wọ́n jẹ́ obìnrin ni, tàbí nítorí pé wọ́n jẹ́ ọkùnrin. Àwọn obìnrin tí wọ́n sọ fún pé nítorí obìnrin ni, fúnra wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu iṣẹ́ ọwọ́ wọn kù, kò sì wù wọ́n láti ṣe aṣáájú mọ́. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n sọ irú rẹ̀ fún kò tiẹ̀ kà á sí. Àwọn obìnrin tí wọ́n sọ fún pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe náà kò fara gbá nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún wọn ló pa wọ́n lára, kì í ṣe ipò tí wọ́n fún wọn. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ ni ojú tì mí jù. Máàkì 84 wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún kan gbáko, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún ẹni tó ni ín. Ohun tí ilé-iṣẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ tó wọṣẹ́, nínú lẹ́tà káàbọ̀, ni pé inú wọn dùn láti gbà á "gẹ́gẹ́ bí ara ìpinnu wa láti mú kí gbogbo ẹ̀yà ní àyè láàárín wa". Ẹni tó kọ ọ́ rò pé ó ń ṣe é lóore. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ipò kejì ló mú nínú èèyàn mọ́kànlá ńkọ́?

Ẹnì méjì ni mo máa ń fi wéra lórí ọ̀rọ̀ yìí, adájọ́ ni àwọn méjèèjì ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà. Clarence Thomas, èèyàn dúdú, gboyè òfin ní Yale ní 1974. Nígbà tó ń wáṣẹ́ kiri, àwọn agbẹjọ́rò tó lọ bá ń fi ìbéèrè wá a lẹ́nu wò bí ẹni tí kò gbà pé òun fúnra rẹ̀ ló ni èsì tó gbé wá. Ó sọ nínú ìwé tó kọ nípa ayé rẹ̀ pé òun bó bébà iye owó kúrò lára páálí sìgá, sẹ́ńtì 15 ló wà lára rẹ̀, òun sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù ìwé ẹ̀rí Yale, kí ó lè máa rán òun létí iye tó tó. Sonia Sotomayor, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Puerto Rico, máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé irú ètò yìí ló mú òun wọ Princeton, pé èsì ìdánwò àbáwọlé òun kò tó ti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Èsì tó dára jù tí wọ́n ń fún ọmọ ilé-ìwé ló gbé jáde níbẹ̀ ní 1976. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ilé ẹjọ́ náà ní kí àwọn yunifásítì yéé wo ẹ̀yà kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé, Thomas wà lọ́wọ́ kan, Sotomayor wà lọ́wọ́ kejì.

Ilé-ìwé ni tiwọn, kì í ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kan náà ni. Mo gbà pé òótọ́ ohun tí ojú wọn rí ni àwọn méjèèjì ń sọ. Tí ẹ bá bi mí pé ta ló lẹ bébà sẹ́ńtì 15 mọ́ férémù yẹn, màá ní ọwọ́ Thomas ló lẹ̀ ẹ́, àmọ́ àwọn agbẹjọ́rò yẹn ló rà á fún un.

## Àwọn tí kò dé ẹnu ọ̀nà

Ẹ̀bi kan tún wà tí mi ò lè fò. Ọmọbìnrin yìí sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé olùkọ́ ni bàbá àti ìyá òun. Ìwé wà nílé wọn. Àwọn tí ìyà jẹ jù nínú ẹ̀yà rẹ̀ kò dé ibi tí wọ́n ti ń fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́, áńbọ̀sì kí ìgbìmọ̀ tún fáìlì wọn ṣí.

Íńdíà ti bá èyí jà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà fún àwọn tí wọ́n ń kà sí aláìmọ́ láti ìran dé ìran, ìdá 7.5 fún àwọn ẹ̀yà inú igbó àti orí òkè. Ní 1990, ìjọba V. P. Singh kéde ìdá 27 sí i fún àwọn mìíràn tó wà lẹ́yìn, ìgboro sì gbóná, àwọn ọ̀dọ́ kan dáná sun ara wọn nítorí ẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ wọn fọwọ́ sí i ní 1992, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n yọ àwọn tó ti là nínú ẹgbẹ́ kẹta yìí kúrò. Creamy layer ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ọ̀rá tó léfòó sójú wàrà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ náà tún gbà kí àwọn ìpínlẹ̀ pín ìdá àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sí wẹ́wẹ́, kí ẹ̀yà kan má baà máa jẹ ìpín gbogbo wọn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló wà láàárín ìdájọ́ méjèèjì. Ètò ìgbanisíṣẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ní ó lè ṣe é ń tan ara rẹ̀.

Síbẹ̀, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ olùkọ́ yìí pa ètò náà run pátápátá, tí wọn kò sì ní ohunkóhun láti fún ẹni tí kò dé ẹnu ọ̀nà. Ìlà "ìbámu" ṣì wà nínú fọ́ọ̀mù wa di bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti dá a lábàá pé kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ń gbé e yẹ̀ wò.

## Ọjọ́ tí mo gbé fáìlì lọ

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ó rí fáìlì ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní kò burú, kí n ṣáà bo máàkì àwọn tó kù. Mo fi bébà funfun bo ti àwọn mẹ́wàá yòókù. Ó ṣe mí bíi kí n bo ìlà kan sí i.

Kí n tó gbé fáìlì náà lọ, nínú ìpàdé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́jọ́sí kò rí bẹ́ẹ̀, pé mo wà nínú ìgbìmọ̀ náà, pé kò sí ẹni tí a bu máàkì kún tirẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sì ni orí náà ti wọ́ kí n tó nawọ́. Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ní àwàdà lòun ń ṣe. Ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè.

Nígbà tí àwa méjèèjì jókòó, ó kọ́kọ́ wo 84. Ó fi àtàǹpàkò pa á bí ẹni tó ń wò ó bóyá yóò parẹ́. Ó ṣí ojú ìwé kejì. Mo mọ ìgbà tí ojú rẹ̀ dé ìlà bírò búlúù nítorí pé ìka rẹ̀ dúró.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni."

Mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án: ti Griggs, ti Joyce, ti àwọn tó fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́, gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi tọrọ àforíjì. Kò dúró gbọ́ ọ. Ó tún ìlà náà kà, ó fi ìka sí orí ọ̀rọ̀ kan, ó wá bi mí, láìsí ìbínú kankan, bí ẹni tó rí ọ̀rọ̀ tí kò yé e nínú ìwé:

"Ọ̀gá, ta ni 'wa' yìí?"